Ẹ bá mi kí rẹ́wáyà tó kọ̀ tí ò gé wáyà Pencil mi

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀gbọ́n rẹ́wáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, tó wà lọ́nà Ìlọrin níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìràwọ̀ kan tó kù, ẹ máa gbọ́ ìdí tí mo fi mú un kúrò tá a bá débẹ̀. Bọ̀dá tó ta ẹ́ńjìnì fún mi n'Ìbàdàn, òun ò rí ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣá. Ti Ìbàdàn, mi ò fẹ́ wàhálà. Ẹ̀gbọ́n rẹ́wáyà ní tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má kó èrò wá bá òun, pé mọ́tò tó wà nílẹ̀ ò tíì tán, àti pé àwọn tó bá gbọ́ nípa òun lórí fóònù kì í yéé dúnàá-dúrà.

Mọ́tò mi, Camry Pencil ni, 1998, ti Amẹ́ríkà. Òun ni mo fi ń lọ Ìlọrin lọ ra bébà àti ínkì torí iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mo ń ṣe ní Under-G, ẹ sì mọ bí àwọn ọmọ LAUTECH ṣe máa ń ya wọlé tí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba prójẹ́ẹ̀tì bá ku ọ̀la. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ìlọrin náà ni mo ti ń bọ̀, nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù ti tú, mi ò mọ̀, ọ́ìlì ń ro sílẹ̀ lójú ọ̀nà, iná pupa tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mo ní ìṣe ẹ̀ náà ni torí ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kò-kò-kò, mo yí rédíò sókè. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Kí n tó wọ̀lú, nǹkan dún gbàà nísàlẹ̀, ó kú. Ọ̀pá kan nínú ẹ́ńjìnì ló ti ya ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde, ihò tó dá síbẹ̀ gba ìka mẹ́ta. Mẹkáníìkì mi ki ìka bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní "Ọ̀gá, ẹ lọ wá owó tòkunbọ̀."

Èmi àtiẹ̀ la jọ lọ sÍbàdàn. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé mẹkáníìkì wà níbẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ bọ̀dá yìí, a ní 5S, ìyẹn irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú Pencil mi, là ń wá, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan tó wà lórí táyà, "5S rèé, ọjà àná ni, ọ́ìlì rẹ̀ ṣì mọ́ bí oyin." Lóòótọ́ ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì fi sípánà yí i, ó yí gírígírí, kò há níbì kankan, kò sí omi nínú ọ́ìlì, a san ₦420,000, a gbé e sẹ́yìn pick-up, a jẹun lójú ọ̀nà, inú wa dùn. Ohun kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó wò nínú wa ni bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe ń taná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí ẹ̀gbọ́n rẹ́wáyà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà tó yá, torí ká sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, owó mi ì bá má ti rìn bẹ́ẹ̀ yẹn. 5S-FE tó wà nínú Camry Orobo, ìyẹn 1992 sí 1996, àti èyí tó wà nínú Pencil, ìyẹn 1997 sí 2001, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, lítà 2.2 làwọn méjèèjì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ẹ máa ní Táyé àti Kẹ́hìndé ni. Àmọ́ Orobo, dísítíríbútọ̀ ló ń lò. Kọ́ìlì kan ló ń dáná, rótọ̀ tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀ ló ń pín in fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń pín ẹran fún ọmọ. Pencil Amẹ́ríkà bíi tèmi ò ní dísítíríbútọ̀ rárá. Kọ́ìlì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta púlọ́ọ̀gì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 1 àti 4 pọ̀, 2 àti 3 pọ̀, ọ̀kan nínú iná méjì yẹn bọ́ sí ibi tí epo ti ń dúró dè é, ìkejì kàn ṣòfò ni torí èéfín ló bá níbẹ̀. Bréènì bọ́ọ̀sì (brain box), ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa ta á.

Báwo wá ni bréènì bọ́ọ̀sì ṣe ń mọ ìgbà? Kì í fojú rí píṣítìnì, ìròyìn ni wọ́n ń mú wá fún un. Nínú Pencil, sẹ́ńsọ̀ kan wà nísàlẹ̀ lápá ibi tí táímìn bẹ́lìtì wà, ó kọjú sí páànù kan tó ní eyín yíká tó ń bá kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn píṣítìnì ń yí, yí, eyín yẹn ló ń kà. Nínú Orobo, inú dísítíríbútọ̀ níbẹ̀ ni ìròyìn yẹn ti ń wá. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì tí mo rà ò ní ibi tí sẹ́ńsọ̀ mi máa jókòó sí, kò ní páànù eléyín, bẹ́ẹ̀ mọ́tò mi ò ní wáyà tí dísítíríbútọ̀ máa wọ̀. Èmi tí mò ń ta káátírììjì lójoojúmọ́! Mo mọ̀ pé tónà méjì lè jọ ara wọn dé ibi ìmú, kí ṣíìpù ìdí wọn yàtọ̀, kí pírìńtà sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà. Àmọ́ ẹ́ńjìnì, mi ò rò ó débẹ̀.

Wọ́n so ẹ́ńjìnì náà mọ́ mọ́tò, síìtìn bá síìtìn, jíà bá jíà, kò sí wàhálà. Ibi wáyà ni mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń ṣe rẹ́wáyà. Ọ̀gbẹ́ni yìí dé pẹ̀lú bíléèdì àti téèpù dúdú nìkan, ó ní kékeré ni, ó gé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì mi méjèèjì dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà bá wáyà, dúdú bá dúdú, funfun bá funfun, bí ẹni tó ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní kí n kíìkì ẹ. Ẹ́ńjìnì ń yí, hẹ̀n-hẹ̀n-hẹ̀n-hẹ̀n, kò gbiná. Ó yí wáyà padà. Hẹ̀n-hẹ̀n-hẹ̀n. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣe eléyìí, bátìrì kú a yá ti aládùúgbò, ti aládùúgbò náà kú. Lọ́jọ́ kẹta ó dìde, ó na ẹ̀yìn, ó ní bréènì bọ́ọ̀sì ló ti kú, ₦65,000, pé òun mọ ẹni tó ní. Ọlọ́run ló yọ mí, owó ò sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ LAUTECH kan tó wá tẹ prójẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi, tó ń ka mẹkáníìkà ẹnjiníárìn, ló gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn, ó ní "Sà, ẹ gbé e lọ bá bàbá kan lọ́nà Ìlọrin, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ṣe IT." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi okùn fa á lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la débẹ̀, àmàlà ni bàbá yìí ń jẹ. Ẹ má yà á sẹ́nu, Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, ibi tá a ti ń jẹ̀kà ká tó mùkọ yangan. (Kì í ṣe bàbá tó bẹ́ẹ̀ náà, á tó ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ẹ̀gbọ́n ni mo pè é, ó sì dáhùn.) Mo kí i, ó ní kí n máa bọ̀, mo ní ó gba ibi ire. Kó tó fọwọ́ ó ti bi mí ní ìbéèrè kan tẹ́nikẹ́ni ò bi mí látọjọ́ yìí wá: "Ẹ́ńjìnì tó kú ńkọ́, níbo ló wà?"

Mo ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, pé àwọn alájákù ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án.

"Ẹ pè é. Kó má tà á."

Mo pè é kíá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, alájákù ò tíì dé.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kàn ń wò. Nígbà tó yá ó fi ìka méjì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń fì dirodiro lápá ibi bẹ́lìtì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, wáyà méjì, tí rẹ́wáyà àkọ́kọ́ ti fi téèpù so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó má bàa dí i lọ́wọ́. Ó ní "Aboyún rèé tí ẹ ò jẹ́ kó bí." Ó fa púlọ́ọ̀gì kan yọ, ó fi wáyà rẹ̀ sí i, ó gbé e lé irin ẹ́ńjìnì, ó ní kí ọmọṣẹ́ ẹ̀ kíìkì mọ́tò, kí n wá wò ó. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń yí, ẹnu púlọ́ọ̀gì ṣókùnkùn bí òru. Ó ní kí n gbóòórùn ẹnu ihò rẹ̀ bóyá epo wà níbẹ̀. Kò sí epo.

"Bréènì bọ́ọ̀sì yín ò kú o. Ìròyìn ni ò rí gbà. Ẹ ti ojú ẹ̀ bò, ẹ tún wá ní kó kàwé."

Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ó tún là mí lójú sí i. Ó ní Toyota ní wáyà kan tó ń lọ pàṣẹ pé kí iná ta, IGT lorúkọ ẹ̀, ó tún ní òmíràn tó ń padà wá jíṣẹ́ fún bréènì bọ́ọ̀sì pé iná ti ta, ìyẹn IGF. Tí IGF ò bá jíṣẹ́, bréènì bọ́ọ̀sì á dá epo dúró, nọ́sùlù ò ní fọ́n, kí epo tútù má bàa máa ṣàn lọ sínú sàlẹ́ńsà. Ó ní ká tiẹ̀ sọ pé ọ̀gbẹ́ni yẹn fi wáyà bá wáyà tó fi rí iná díẹ̀, mọ́tò á gbiná á tún kú náà ni, torí ẹni tó máa jíṣẹ́ padà ò sí níbẹ̀. Ígínáítà dísítíríbútọ̀ yẹn, tó yẹ kó jíṣẹ́ ọ̀hún, ti kù sára mọ́tò tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì, ẹni tó ta á fún wa ò fún wa, a ò sì béèrè.

Mo ní ẹ̀gbọ́n, kí la máa ṣe báyìí. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kí n dá a padà, kí wọ́n fún mi ní ti Pencil. Tàbí kí n lọ wá gbogbo wáyà Orobo, bréènì bọ́ọ̀sì ẹ̀ àti ígínáítà ẹ̀, lára mọ́tò kan náà, kó tú dáṣíbọ́ọ̀dù mi palẹ̀ kó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ òun ò gbà mí níyànjú ẹ̀. Tàbí ká jẹ́ kí wáyà Pencil dúró bí Toyota ṣe ṣe é, ká mú ohun tí wáyà ń wá lára ẹ́ńjìnì tó kú, ká gbé e sára èyí tó yè.

Mo pe Ìbàdàn lójú ẹ̀. "Ọ̀gá mi, ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà. 5S lẹ ní ẹ fẹ́, 5S la fún yín." Ó pa fóònù. Kò purọ́ náà, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

La bá mú ọ̀nà kẹta. Ẹ̀gbọ́n pe mẹkáníìkì mi wá, ó bá a wí díẹ̀ (èmi dijú mi sí i, ó dùn mọ́ mi), wọ́n wá jọ ṣiṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnì tó kú, ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́, nǹkan kan ò ṣe tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin kí wọ́n wò ó bóyá ó tẹ̀, wọ́n gé e díẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n gbé tọ́ọ̀pù Pencil lé ìdí Orobo. Páànù eléyín, wọ́n yọ ọ́ lára kíráǹkì àtijọ́, èmi fúnra mi ni mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo ka eyín ẹ̀ torí mo fẹ́ mọ̀, mo rí i pé ibì kan wà tí eyín ti fò, mo sáré gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n pé ó ti kán. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, àlàfo yẹn ni bréènì bọ́ọ̀sì fi ń mọ ibi tí kíráǹkì dé. Pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì tó gbé sẹ́ńsọ̀ yẹn dúró náà, wọ́n tú u wò kí wọ́n tó lò ó, torí ó ti ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì lọ́jọ́ tí mò ń gbọ́ rédíò.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yìí yàtọ̀. Kò fi wáyà wé wáyà kó fi téèpù dì í. Ó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tòótọ́ lára ìdì wáyà kan tó wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó bọ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ó fi rọ́bà tín-ín-rín kan bò ó, ó na iná ṣáná sí rọ́bà yẹn ó sì sún kì, ó lẹ̀ mọ́ wáyà bí awọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ ń di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú fún un, nígbàkigbà tí ọwọ́ ọmọ yẹn bá yẹ̀, á kàn sọ pé "ojú mi" láìgbójú sókè. Láti ọ̀sán títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Èyí tó bá ṣe tán á fi mítà wọ̀n ọ́n láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdí bréènì bọ́ọ̀sì kó tó mú òmíràn.

Lọ́jọ́ tá a máa kíìkì ẹ, ẹ̀ẹ̀kan ló gbiná. Ẹ̀ẹ̀kan! Mo ti fẹ́ pariwo, àmọ́ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó ń yìnbọn láti ibi tó ti ń mí, tàù, tàù, adìyẹ sá. Mẹkáníìkì ní táímìn bẹ́lìtì ni, pé bóyá òun fo eyín kan, ó ti ń gbọ̀n pé fááfù ti tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó farabalẹ̀, pé nínú 5S-FE fááfù àti píṣítìnì kì í pàdé, bẹ́lìtì ì bá já pátápátá kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á. Ó wo wáyà púlọ́ọ̀gì, ó wo mẹkáníìkì lójú.

"Ta ló to èyí?"

Mẹkáníìkì ní òun ni, pé 1-3-4-2, ìyẹn bí iná ṣe ń ta tẹ̀ léra, bó ṣe wà nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ dísítíríbútọ̀ ló ṣì wà lọ́kàn ẹ̀! Ó ti fi 1 àti 3 sórí kọ́ìlì kan, 4 àti 2 sórí ìkejì. Bẹ́ẹ̀ èjì-èjì ni kọ́ìlì Pencil ń ta, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n, 1 pẹ̀lú 4, 2 pẹ̀lú 3, àwọn tí píṣítìnì wọn jọ ń gòkè jọ ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yí méjì padà. Bíi kí èèyàn pààrọ̀ bàtà ni. Ó ní kí n kíìkì ẹ. Ó gbiná, ó rọlẹ̀, ó ń kùn bí oyin, iná check engine tàn ó sì kú fúnra ẹ̀. Mi ò ní purọ́, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo gbé ife omi tútù kan mu.

Ìràwọ̀ tí mo yọ wá ńkọ́? Àkọ́kọ́, ọkùnrin yìí kì í gbé fóònù. Tó bá ní Túúsì, ẹ lọ máa retí Fúráìdè, tí Fúráìdè bá sì dé, ó ti lọ Jímọ̀. Òrùlé tó wà níbẹ̀ ò bo ju mọ́tò kan lọ, tí òjò bá ṣú, gbogbo iṣẹ́ dúró. Ìyẹn, mo lè fara dà á. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé lẹ́yìn gbogbo ìfarabalẹ̀ tó ṣe lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ẹ̀ palẹ̀ wáyà mọ́, ọmọ yẹn sì fi ìdì wáyà sẹ́ńsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín. Èmi ni mo rí i, lọ́jọ́ kejì nínú gáréèjì mi, rọ́bà rẹ̀ ti ń dán bíi pé ó fẹ́ yọ́. Mo gbé e padà, ó bẹ̀ mí, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó lu ọmọ yẹn ní ìfọ́tí kan tí mo ní kó má lù ú. Ká ní mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Owó iṣẹ́ tiẹ̀, ₦40,000, lẹ́ẹ̀dì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀. Mo ti wo owó tí mo ná lórí rẹ́wáyà oníbíléèdì, lórí bátìrì, lórí okùn tá a fi fa mọ́tò, mi ò rò pé ó wọ́n. Kò ní rìsíìtì, ẹ má béèrè, ó máa wò yín bíi pé ẹ bú u.

Àwọn tó ti ń pè mí pé àwọn náà fẹ́ lọ ra ẹ́ńjìnì, ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ ya fọ́tò ti ara yín kí wọ́n tó yọ ọ́, ní pàtàkì ibi kọ́ìlì àti gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ọ́, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí dísítíríbútọ̀ lára ọ̀kan tí kò sí lára ìkejì, ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀yin oní-Corolla náà ò yọ sílẹ̀ o, ẹ́ńjìnì 1ZZ tó wà nínú ti Amẹ́ríkà 1998 àti 1999 ò ní VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ìgbà tí fááfù ń ṣí padà, ti 2000 ní in, orúkọ kan náà ni ẹni tó ń tà á máa pè é fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí alájákù gbé èyí tó kú lọ kí tuntun tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán.

Tọ́ọ̀pù Orobo tó ṣẹ́kù, mẹkáníìkì ti bá mi tà á, ó sì mú tiẹ̀ nínú owó ẹ̀ kó tó gbé e wá, mo ti mọ̀. Dísítíríbútọ̀ yẹn kò rẹ́ni rà á. Ó wà lórí kántà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, òun ni mo fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ tí fáànù bá ń fẹ́, àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ni nǹkan yìí.